Ẹ Má Pe Ajá Lucas

Ìwọ tí o ń ka èyí, gbọ́ tèmi kí o tó lọ síwájú. Bí o bá rí ajá méjì tí wọ́n kọjú ìjà síra wọn, má ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Ì báà jẹ́ ajá tìrẹ, má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìka kan wà ní ọwọ́ òsì mi tí kò ká mọ́ títí di òní. Má sì pariwo. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn ló ṣòro jù fún àwa èèyàn, òun ni mo sì fẹ́ sọ.

Èmi kì í ṣe akọni. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ irú ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Orí ọ̀pẹ kì í bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ ní Ìkọ̀yà, mo sì ti bá ejò pàdé lókè rí, tí mo rọra sọ̀ kalẹ̀ láì mí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá! Ajá kan lé mi wọ inú odò nígbà tí mò ń lọ sí ilé ìwé, níbi tí mi ò ti kọjá ìwé mẹ́ta. Láti ìgbà náà, bí ajá bá gbó, inú mi á kọ́kọ́ sá kí ẹsẹ̀ mi tó sá.

Ajá tí mò ń sọ yìí, ti Lucas àbúrò mi ni. Ọdẹ ni Lucas. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gba àwọn ọkùnrin sí iṣẹ́ ológun, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa títí ó fi ku ọ̀la. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó so ajá náà mọ́ ìdí ọsàn wa, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́jú ajá yìí.”

“Lucas, o mọ èmi àti ajá.”

“Mo mọ̀. Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ohun téèyàn bá ń bẹ̀rù, kì í gbàgbé ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkìtìpupa, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ. A kò tún fojú kàn án mọ́.

Rose ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Púpurú ni Rose ń ṣe tà. Á rẹ ẹ̀gẹ́, á fún omi ara rẹ̀ dànù, á mọ ọ́n roboto, á tò ó sórí àjà iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Bí Lucas ti lọ tán, ó yọ láti ìdí iná wá bá mi, èéfín ń ta á lójú.

“Bàbá Lérè, ẹ gbọ́. Ọjọ́ tí ajá yìí bá kú, ẹ tètè sọ fún mi kí n lọ fá orí mi.”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Opó ní ń fá orí. Nínú ìdílé wa, a kì í pa ẹran ọ̀sìn ẹni tó wà lójú ogun. Bàbá wa máa ń sọ pé ẹni tó bá pa á ti ránṣẹ́ sí ikú pé onílé kò padà bọ̀ mọ́. O lè ní àwa jẹ́ Kristẹni, kí ló kan irú ìyẹn. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni àbúrò rẹ wà lójú ogun.

Jẹ́ kí n sọ orúkọ ajá náà. Óńdùnwọ́n ni.

Ọmọ Yorùbá kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Lucas àti aládùúgbò wa kan, Ọdúnlámì, ni wọ́n jọ ń fa àwọn ọ̀pẹ kan tó wà láàlà oko. Ọdúnlámì dàgbà jù wá lọ. Àwọn àgbà dá ẹjọ́ náà, wọ́n ní àwa la ni ọ̀pẹ. Kò pẹ́ sígbà náà ni Lucas gbé ọmọ ajá kan bọ̀ láti Òde-Ayé, ó sì sọ ọ́ ní Óńdùnwọ́n. A kì í bú àgbàlagbà lójú, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí a má pe ajá ẹni. Ní ìrọ̀lẹ́, Lucas á jáde síta, á kọjú sí ilé Ọdúnlámì, á fa orúkọ náà gùn bí orin: “Óńdùnwọ́n ooo!” Ọdúnlámì kò lè bi í pé ta lò ń bá wí. Ẹni tó bá béèrè ti gbà pé òun ni. Ohun tí Ọdúnlámì ṣe ni pé ó lọ ra ajá tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Máawòwọ́n. Bí Lucas bá ti pe tiwa, òun náà á jáde, á pe tirẹ̀. Àwọn ajá méjèèjì á sáré jáde, wọ́n á pàdé láàárín ọ̀nà, eyín á pàdé eyín. Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Èmi á wọlé, màá ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Lucas wà nílé, ọwọ́ kan ló fi ń gbé ajá rẹ̀ kúrò nínú ìjà. Ìgbà tó lọ, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ajá Adéjọbí, ọdẹ kan ní àdúgbò wa, ló kọ́kọ́ fara gbá a. Adéjọbí ń bọ̀ láti oko ọdẹ, Óńdùnwọ́n sì fa etí ajá rẹ̀ ya. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ọjọ́ ọjà. Ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó ki ajá funfun kékeré kan mọ́lẹ̀, ti tíṣà Ọláìtán, ẹni tí ìjọba gbé wá kọ́ àwọn ọmọ wa láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gbogbo ọjà figbe ta: “Óńdùnwọ́n! Óńdùnwọ́n! Fi í sílẹ̀!” Bí wọ́n ti ń kígbe ló ń gbọn ajá náà bí ẹni ń gbọn aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ìka mi ti bàjẹ́. Ajá tíṣà kò rí ọjọ́ kejì. Tíṣà kò bú mi. Ó gbé ajá rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó ń lọ. Ì bá tiẹ̀ sàn bó bá bú mi.

Àwọn àgbà pè mí sí iwájú ilé Bàbá Oyèbádé, olórí àdúgbò wa. Mo fi aṣọ di ọwọ́. Adéjọbí wò mí láti òkè délẹ̀.

“Jethro, ṣé ìwọ lo mú ajá dání ni, àbí ajá ló mú ọ dání?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ìbọn wà ní èjìká rẹ̀.

“Ó tó,” Bàbá Oyèbádé ní. “Jethro, a mọ̀ pé ajá ẹni tó wà lójú ogun ni. Ìyẹn la ṣe ń ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n bó bá tún bu ajá ẹnìkan jẹ, Adéjọbí á yìnbọn fún un. Kí ẹnikẹ́ni má wá bẹ̀ mí.”

Ọdúnlámì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. “Kí la tún ń dúró dè?” ó ní. “Ẹ bá ṣe é lónìí.”

Bí mo ti ń lọ sílé, mo pinnu ohun kan lójú ọ̀nà náà. Mo ní ajá yìí kò ní kú lọ́wọ́ mi. Bí ẹ̀rù ń bà mí, kó máa bà mí. Ẹ̀rù ò ní kí n má ṣiṣẹ́.

Mo gbìyànjú oríṣiríṣi. Mo fi ìtì igi kọ́ ọ lọ́rùn kí ó má lè sáré; ó ń wọ́ igi náà kiri bí ẹni ń fa ọkọ̀. Ẹnìkan ní kí n máa fún un ní ata jẹ kí ojú rẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹlòmíràn ní ata gan-an ló ń sọ ajá di ẹhànnà. Mo fi igbà mi àtijọ́ so ó mọ́ ìdí ọsàn, nítorí igbà tó gbé èèyàn dé orí ọ̀pẹ kò ní ṣàì mú ajá dúró. Oúnjẹ rẹ̀, igi gígùn ni mo fi ń ti àwo sí i. Rose á dúró lẹ́bàá iná, á máa wò mí, á máa mi orí.

Ọyẹ́ wá mú lọ́dún náà. Ikọ́ dá mi mọ́lẹ̀, ohùn mi sì há pátápátá. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, mo ń mú ajá náà lọ sí odò, mo fi igbà wé ọwọ́ mi. Bí a ti dé ẹ̀gbẹ́ ilé Ọdúnlámì ni Máawòwọ́n yọ láti inú ọgbà. Kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀.

Mo la ẹnu láti pe Óńdùnwọ́n. Atẹ́gùn ló jáde.

Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti dìde. Ó ń kùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun kan tí mi ò rí rí. Ó yí orí padà, ó wò mí. Ó wò mí bí ọmọ ilé ìwé tó wà lójú ìlà eré ìje, tó ń dúró de kí tíṣà ní ó yá. Mi ò ní ohùn, kí ni mo fẹ́ sọ? Ó wò mí títí. Nígbà tó yá, irun náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Máawòwọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n gbóòórùn ara wọn. Máawòwọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tọ̀ sí ìdí ọgbà olówó rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwa náà lọ sí odò. Mò ń làágùn nínú ọyẹ́.

Ọpọlọ mi kì í yára. Ojú mi ló ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ara mi yá, mo gun ọ̀pẹ kan ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí mo ti lè rí ilé wa àti ilé Ọdúnlámì pọ̀. Mo dúró sókè, mi ò gé nǹkan kan. Rose jáde síta. Láti ọjọ́ tí Lucas ti lọ, òun ló ń pe ajá náà ní ìrọ̀lẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe. Ó pè é. Mo sì rí i kedere láti òkè: ajá náà kò wo Rose rárá. Ilé Ọdúnlámì ló kọjú sí, ó ń fa igbà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ọdúnlámì jáde, ó pe tirẹ̀. Tirẹ̀ náà kò wò ó. Ilé wa ló kọjú sí.

Mo di igbà mú dáadáa kí n má baà jábọ́. Àwọn ajá wọ̀nyí kò mọ̀ pé orúkọ ni. Ìjà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Bí a bá pè wọ́n, a ti rán wọn níṣẹ́. Bí a bá tún ń kígbe rẹ̀ láti là wọ́n, iṣẹ́ náà la tún ń rán wọn. Gbogbo ọjà tó kígbe lọ́jọ́ yẹn, àwọn ló ń sọ fún un pé kó má fi ajá tíṣà sílẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá Rose.

“Rose, má pe ajá yẹn mọ́.”

“Kí ló dé?”

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti lè ṣàlàyé mọ. Ó ń yí púpurú padà lórí àjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Bàbá Lérè, bí mo bá pè é, ó máa ń dà bíi pé Lucas wà nínú yàrá, pé ó fẹ́ jáde wá bá mi dá sí i. Nǹkan kan ṣoṣo tó kù fún mi nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Kí Ọdúnlámì wá máa rò pé òun ti pa wá lẹ́nu mọ́?”

“Kó máa rò bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń pè é, wọ́n á pa á. Èwo lo fẹ́?”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bóyá èéfín ni. “Kí la ó wá máa pè é?”

“A ò ní pè é. Fi ọwọ́ lu itan rẹ.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Lójoojúmọ́ ni mò ń mú un jáde, mo ń fi ọwọ́ lu itan, mo ń ju ẹja gbígbẹ sílẹ̀ fún un bó bá wò mí. Níkẹyìn mo gbé igi gígùn jù sí ẹ̀gbẹ́, mo fi ọwọ́ mi gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo pa ojú dé. Nígbà tí mo là á, ó ń jẹun. Ara rẹ̀ gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ara ajá ń gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò ló kù. Mo fún wọn ní ẹja kí wọ́n má pè é mọ́. Wọ́n jẹ ẹja tán, wọ́n sì pè é. Igbà já. Kí n tó dé ìta, Óńdùnwọ́n ti gbé Máawòwọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà Ọdúnlámì. Mo pa ẹnu mọ́, mo lu itan mi títí ó fi ń ta mí. Ó fi í sílẹ̀. Ó wá. Ṣùgbọ́n Ọdúnlámì ti figbe bọnu: “Ó ti bu ú jẹ! Ẹ pe Adéjọbí!”

A wo ara Máawòwọ́n níwájú Bàbá Oyèbádé. A kò rí ẹ̀jẹ̀, a kò rí ojú eyín. Itọ́ nìkan la rí.

“Itọ́ náà, ṣé kì í ṣe ẹnu ló ti wá?” Ọdúnlámì ní.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí lórí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n mi ò sọ orúkọ ajá kankan, mi ò sì sọ ẹni tí orúkọ náà ń bá wí. Kò sí ẹni tó máa ń sọ ìyẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ajá méjèèjì kọjá lára wọn níwájú gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má sì la ẹnu. Bí tiwa bá bu ti Ọdúnlámì jẹ, kí Adéjọbí yìnbọn, mi ò ní bẹ̀bẹ̀.

“O gbọ́ ohun tí o sọ, Jethro?” Adéjọbí bi mí. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

“Mo gbọ́.”

“Ó di ọ̀la,” Bàbá Oyèbádé ní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ bá Ọdúnlámì nílé. Ó ń hun agbọ̀n ẹyìn.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá.”

“Jethro. O ò mú ajá rẹ wá kó wá jẹ èmi náà?”

“Mo wá bẹ̀ yín ni. Lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ajá yín. Bí ọkàn yín bá sọ, ẹ lè pè é láì mọ̀. Ẹ bá mi ṣọ́ ẹnu yín.”

Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀. “Ajá mi, orúkọ tó wù mí ni mo sọ ọ́. Àbí orúkọ ajá mi ń bá ọ wí ni?”

Ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí mo mọ̀, ìdáhùn kan ló wà fún ìbéèrè yẹn: rárá o, kí ló kàn mí? Èèyàn á sọ ọ́, á rẹ́rìn-ín, á lọ sílé lọ máa bínú. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, ó sì lè pe ajá rẹ̀ lọ́la bó bá wù ú. Mo wò ó. Ó ń dúró. Ó dá a lójú pé mi ò lè sọ ọ́.

“Ó ń bá mi wí,” mo ní.

“Kí lo wí?”

“Ó ń bá wa wí, bàbá. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ajá yín lórúkọ ni mo ti mọ̀ pé àwa ni ẹ ní kí ayé máa wò. Mo gbọ́ ọ. Ó wọ̀ mí lára. Ẹ bá mi dá a dúró lọ́la nìkan.”

Ó ń retí kí n bi òun náà nípa orúkọ ajá tiwa. Mi ò bi í. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá agbọ̀n nílẹ̀, kò rí i, bẹ́ẹ̀ agbọ̀n náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Máa lọ sílé, Jethro,” ó ní.

Ní ọjọ́ kejì, èèyàn pọ̀ níwájú ilé Bàbá Oyèbádé. Rose fi ìborùn bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dì í pinpin. Adéjọbí dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti ki ìbọn. Bàbá Oyèbádé na ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ní ẹni tó bá pe ajá kankan á rí ìjà òun.

Mo tú igbà lọ́rùn ajá. Mo lu itan mi, a ń lọ. Ọdúnlámì àti tirẹ̀ ń bọ̀ lódìkejì.

Nígbà tí wọ́n súnmọ́ ara wọn, irun Óńdùnwọ́n dìde. Máawòwọ́n fi eyín hàn, ó kùn. Mo gbọ́ tí Adéjọbí yí ẹsẹ̀ padà. Óńdùnwọ́n wò mí. Mo mú ẹnu mi mọ́lẹ̀. Mo wá wo Ọdúnlámì, mo sì rí ẹnu rẹ̀ tó ti là. Ọrùn rẹ̀ ti nà gẹ́gẹ́ bó ti ń nà ní ìrọ̀lẹ́. Ìpè náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Inú mi sá, ẹsẹ̀ mi kò sá.

Ọdúnlámì já fìlà lórí ara rẹ̀, ó sì fi dí ẹnu.

Àwọn ajá náà dúró. Kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Máawòwọ́n ló kọ́kọ́ na imú. Wọ́n gbóòórùn ara wọn níwájú, wọ́n gbóòórùn ara wọn lẹ́yìn. Óńdùnwọ́n sín, bóyá ìborùn ẹnìkan ló gbọn eruku sí i. Ó bá mi lọ. Máawòwọ́n bá olówó rẹ̀ lọ.

Rose jókòó sílẹ̀ gbì.

“Adéjọbí,” Bàbá Oyèbádé ní, “gbé ìbọn rẹ lọ sílé. Ajá Lucas kì í ṣe tìrẹ láti pa. Kí ẹnikẹ́ni ní Ìkọ̀yà má tún pè é lórúkọ títí onílé á fi dé.”

Adéjọbí yọ ẹ̀tù ìbọn rẹ̀. Ẹ̀rín ti padà sí i lẹ́nu. “Ṣùgbọ́n bàbá, mo rí nǹkan kan o. Bàbá Ọdúnlámì, kí lẹ fi fìlà dí ẹnu fún?”

“Eruku ni.”

“Eruku!” Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ fẹ́ pe ajá ni! Ẹ pè é ká gbọ́. Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́?”

Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀, nítorí Bàbá Oyèbádé kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀.

“Ọdúnlámì, èmi náà fẹ́ gbọ́. Nígbà tí o sọ ajá yìí lórúkọ, ta lò ń bá wí?”

Ọdúnlámì gbọn fìlà rẹ̀, ó dé e. Ó wò mí. Mo wò ó padà, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mi ò gbé ojú sílẹ̀.

“Ẹnu mi ti ṣiṣẹ́ tó,” ó ní. “Ẹ má bi mí léèrè nǹkan kan mọ́.”

“Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, Ọdúnlámì. Ta lò ń bá wí?”

Ọdúnlámì fi ọwọ́ lu itan ara rẹ̀, ajá rẹ̀ sì gbé ojú sókè wò ó.